Ojú Ìwé Kọ́ Ni A Fi Ń Wọn Ìtàn

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá, ó sì tó gẹ́ẹ́. Bí ìwé ìtàn kò bá nípọn, a ó ní ìtàn ọmọdé ni. Bí ó bá nípọn, a ó ní ìtàn-àròsọ gidi nìyẹn. Ẹni tí ó kọ ìtàn olójú-ìwé mẹ́rin, a ó ní ó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́. Àfi bí ẹni pé igi tí ó ga jù nínú igbó ni èso rẹ̀ dùn jù! Èmi kò gbà.

Kàdúná ni a wà, nítorí náà n kò ní rìn jìnnà kí n tó rí ẹlẹ́rìí. Ní Sáríà níbí, ní ọdún 1933, R. M. East tí ó jẹ́ olórí ilé-iṣẹ́ ìtumọ̀ èdè ti ìjọba pe àwọn ọmọ Hausa sí ìdíje ìtàn kíkọ. Lára àwọn ìwé tí ó ti ibẹ̀ jáde ni Shaihu Umar, tí Abubakar Tafawa Balewa kọ, ẹni tí ó wá di olórí ìjọba Nàìjíríà lẹ́yìn náà. Ìwé náà kò tó ọgọ́rùn-ún ojú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹrù tí ó rù: a jí ọmọ gbé, a mú un dé Íjíbítì, ó kàwé di àáfà ńlá, ìyá rẹ̀ forí la aṣálẹ̀ láti wá a, títí òun náà fi bọ́ sóko ẹrú, ìgbà tí wọn yóò fi fojú kanra, ikú ìyá ti dé tán. Odindi ìgbésí ayé ni. Okùn kan ṣoṣo ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìyẹn ìyá àti ọmọ tí a yà nípá.

Abubakar Imam náà kọ Ruwan Bagaja fún ìdíje yìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó kọ Magana Jari Ce, apá mẹ́ta gbáko. Ẹni tí ó bá gbé e yóò mọ̀ pé ó wúwo. Ẹni tí ó bá sì kà á yóò rí i pé ìtàn kéékèèké ni ó kún inú rẹ̀, tí odídẹrẹ́ ń sọ kí ọmọ ọba má baà jáde lọ sójú ogun. A lè yọ ọ̀kan kúrò kí èkejì má mì. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìnípọn ṣe òṣùwọ̀n, èwo wá ni ìtàn gígùn nínú méjèèjì? Ìwé pẹlẹbẹ ni ó gbé ìtàn gígùn. Ìwé ńlá ni ó gbé ìtàn kúkúrú.

Ti ilé wa ńkọ́? Lẹ́tà ni I. B. Thomas fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929, kí ó tó dì í ní ìwé ní 1930. Àwọn kan ń ráhùn pé ẹkún obìnrin náà ti pọ̀ jù. Wọ́n gbàgbé pé àwọn òǹkàwé ìgbà náà ń dúró de lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni. Ohun tí ó sú ẹni tí ó ka ìwé náà tán lóòjọ́ kò lè sú wọn. Bákan náà ni Fágúnwà: gbogbo wa ni a lè ka orúkọ ìwé ọlọ́rọ̀ gígùn rẹ̀ márààrún lórí ìka. Mélòó nínú wa ni ó ti ṣí Àsàyàn Ìtàn rẹ̀ ti 1959 wò?

Ohun tí ó ya ìtàn kúkúrú sọ́tọ̀ ni pé ìṣẹ̀lẹ̀ kan ni ó dì mú. Ẹ jẹ́ kí a ṣe àpẹẹrẹ obìnrin Ọ̀fà kan tí ó ń tajà lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin Kàdúná. Bí a bá fẹ́ sọ bí ó ṣe bá ọkọ rẹ̀ wá, bí ó ṣe kọ́ Hausa lójà, ohun tí ìjà ọdún 2000 fi ojú rẹ̀ rí, àti ìdí tí kò fi padà sílé, ìtàn-àròsọ gígùn ni yóò gbà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan péré, tí ó kí ọmọ rẹ̀ ní Yorùbá, tí ọmọ sì fi Hausa dá a lóhùn, tí ìyá dákẹ́, tí ó ń ka owó ọjà rẹ̀ lọ, ojú ìwé mẹ́ta ti tó. Ẹni tí ó bá fà á dé ọgọ́rùn-ún ti bà á jẹ́. Iṣẹ́ tí ó le sì ni, nítorí kò sí àyè fún àṣìsọ.

Ẹnìkan lè ní àwọn tí ń tẹ̀wé kò fẹ́ ìwé pẹlẹbẹ. Kí ó dé ọjà Kàdúná níbí kí ó béèrè àwọn ìwé ìfẹ́ ti Hausa, tí àwọn ará Kánò ti ń tẹ̀ láti àwọn ọdún 1980. Ìwé pẹlẹbẹ ni wọ́n, wọ́n sì ń tà. Òótọ́ ni pé owó ni ó ń mú kí wọ́n máa gé ìtàn kan sí apá méjì mẹ́ta. Ìyẹn kì í ṣe ìtàn kúkúrú, ìtàn gígùn tí a gé ni.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àfidánwò lọ́dún yìí, ẹ má ṣe fi iye ìlà fún ọmọ ní máàkì mọ́. Ẹ fún wọn ní ibì kan, ènìyàn méjì, wákàtí kan, kí ẹ sì wo ohun tí wọn yóò kọ. Ìwé ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa yìí náà jẹ̀bi: ewì ń bẹ, àròkọ ń bẹ, ìtàn kúkúrú ni kò sí. Ojú ìwé mẹ́ta péré ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ olóòtú nínú èyí tí ń bọ̀.