Ẹ Bi Ìdílé Bàbá Yín Léèrè

Bí àwa obìnrin Yorùbá bá jókòó lẹ́bàá adágún Southmere ní London, tí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọmú bá délẹ̀, ẹnì kan á ṣáà sọ pé: "Kò sí i ní ìdílé ìyá tèmi, mo bọ́." Kò bọ́ rárá. Ìgbàgbọ́ yẹn ń pa wá.

Jíìnì BRCA1 àti BRCA2 ló ń tún DNA tó bá já nínú ara ṣe, kí sẹ́ẹ̀lì má baà máa hù ní ìhùkuhù. Tọkùnrin tobìnrin ló ní wọn: ẹ̀dà kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ìkejì láti ọ̀dọ̀ bàbá. Bí bàbá bá ní èyí tó bàjẹ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá bí, bó ti ṣeé ṣe kó gbà á náà ló ṣeé ṣe kó má gbà á. Nínú obìnrin 10 tó bá gbà á, bíi 7 ni jẹjẹrẹ ọmú máa ń mú kí wọ́n tó pé 80 ọdún. Bàbá fúnra rẹ̀ lè dàgbà, kó darúgbó, kí nǹkan kan má ṣe é. Ohun tó ń tàn wá jẹ nìyẹn.

Àwa yìí náà la sì ń ka ìran láti ọ̀dọ̀ bàbá! Oríkì, ilẹ̀, oyè, ilé bàbá la ti ń gbà á. Ó wá kan àìsàn, a ní ti ìyá nìkan ni. Àbúrò bàbá yín obìnrin tó kú láìtíì pé 40 ọdún, tí wọ́n ní ayé ló ṣe é, ta ló béèrè bóyá kókó wà lọ́mú rẹ̀?

Àwọn mìíràn ní àrùn òyìnbó ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlọ́padé àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí jáde lọ́dún 2018 lórí obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú, n'Íbàdàn wa níbẹ̀. BRCA1 tó bàjẹ́ wà lára 7 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, BRCA2 lára 4.

Lóòótọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ọmú kì í bá ìran wá. Àmọ́ èyí tó ń bá ìran wá lè má dúró de 50 ọdún tí NHS ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà àyẹ̀wò ránṣẹ́. Nítorí náà, bí GP bá béèrè ìtàn ìdílé, ẹ má dá ilé bàbá sí: ìyá bàbá, àwọn àbúrò bàbá, ọkùnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti prostate, obìnrin tó ní ti ilé ẹyin, àti ọjọ́ orí wọn nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá yẹ, wọ́n á darí yín sí Guy's Hospital fún àyẹ̀wò jíìnì, ẹ kò ní san kọ́bọ̀. Ẹni tí wọ́n bá rí BRCA tó bàjẹ́ lára rẹ̀, láti 30 ọdún ni wọ́n ti lè máa fi ẹ̀rọ MRI yẹ ọmú rẹ̀ wò lọ́dọọdún.

Ẹ̀gbọ́n bàbá yín tó mọ ohun tó pa àwọn obìnrin ilé yẹn ṣì wà láyé. Ẹ pè é lálẹ́ òní.