Owó Ìfẹ̀yìntì Tí Ó Wà Nínú Ara

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogún ọdún ń bọ̀ wá dọ̀la. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó sì ń fi ìka ka iye ọdún tí ó kù kí òun pé ẹni ọgọ́ta, tàbí kí òun lo ọdún márùndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́, kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ òwe náà fún un. Nítorí ọ̀la yìí ni òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 fi pàṣẹ pé kí a máa yọ ìdá 8 nínú 100 lára owó oṣù òṣìṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ sì fi ìdá 10 lé e, kí a tọ́jú gbogbo rẹ̀ di ọjọ́ alẹ́. Ètò rere ni, nítorí ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣọ́ owó yìí lójú méjèèjì, tí a ń béèrè iye tí ó ti dà àti èlé tí ó gorí rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì mìíràn ń bẹ nínú ara olúkúlùkù wa tí a kì í ṣírò títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó tán. Ọjọ́ tí ìyẹn bá sì tán, èyí tí ó wà ní báǹkì yóò kàn di owó oògùn ni.

Agbára tí ara ní láti fa afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sínú ẹ̀jẹ̀, kí ọkàn tì í kiri, kí iṣan sì fi sun oúnjẹ di okun, ni mo ń wí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye tirẹ̀ yóò gun orí ẹ̀rọ ìsáré. A ó fi ìbòmú dè é pinpin ní imú àti ẹnu, ọ̀pá rọ́bà yóò sì máa gbé èémí rẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ tí ń ka ọ́síjìn tí ó lò. Díẹ̀díẹ̀ ni a ó máa gbé iwájú ẹ̀rọ ìsáré náà sókè, títí itan yóò fi gbóná, tí òógùn yóò máa kán tótó, tí ẹni náà yóò fi ọwọ́ júwe pé ó tó gẹ́ẹ́. Ìwé tí a ó tẹ̀ jáde fún un yóò sọ ìwọ̀n ọ́síjìn tí kílò kọ̀ọ̀kan ara rẹ̀ lè lò ní ìṣẹ́jú kan. Yóò sọ bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù sí nígbà tí ọ̀rá ni ara ń sun jù, àti ibi tí ó ti fi ọ̀rá sílẹ̀ tí ó dojú kọ ṣúgà. Ẹni tí ó bá mọ èyí ti mọ ìrìn tí ó tó òun àti eré tí ó ju agbára òun lọ.

Ní ọdún 1966, ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Texas tí ó wà ní ìlú Dallas, àwọn oníṣègùn kó ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún jọ, ọmọ ogún ọdún tí ara wọn le koko, wọ́n sì ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko láìfẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Nígbà tí wọn yóò fi dìde, ohun tí ó lé ní ìdámẹ́rin agbára ọ́síjìn wọn ti bá ìdùbúlẹ̀ lọ. Ní 1996, a tún wá àwọn márààrún rí. Wọ́n ti di ẹni àádọ́ta ọdún, ìwọ̀n ara wọn ní ìpíndọ́gba sì ti kúrò ní kílò 77, ó ti di 100. Síbẹ̀, ohun tí ọgbọ̀n ọdún jẹ nínú agbára wọn kò tó ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta orí ibùsùn jẹ. A fi wọ́n sẹ́nu ìrìn, eré wọ́ọ́rọ́wọ́ àti kẹ̀kẹ́ gígùn fún oṣù mẹ́fà, a ń fi kún un bí ara wọn ti ń gbà á, títí agbára wọn fi padà sí ibi tí ó wà kí wọ́n tó dùbúlẹ̀ ní ìgbà ọ̀dọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sídìí tábìlì láti àárọ̀, tí ẹ ń ti ọ́fíìsì bọ́ sínú ọkọ̀, tí ẹ ń ti inú ọkọ̀ bọ́ sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, ẹ tún ìtàn yìí kà: àìlo ara lè jẹ owó náà run ju ọjọ́ orí lọ, ohun tí ó jẹ sì ṣeé gbà padà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ènìyàn márùn-ún nìkan. Ní 2018, àwọn oníṣègùn Cleveland Clinic ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde jáde lórí ènìyàn 122,007 tí wọ́n ti dán wò lórí ẹ̀rọ ìsáré, wọ́n sì rí i pé bí agbára ènìyàn bá ti pọ̀ tó ni ikú ń jìnnà sí i tó, títí kan àwọn tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àwọn tí ó sì ń di ẹ̀bi ikùn ńlá ru ogójì ọdún, kí wọ́n gbọ́ èyí: ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2021, lórí ènìyàn tí ó lé ní 6,400 ní orílẹ̀-èdè 29, fi hàn pé bí a bá yọ ti títóbi ara kúrò, okun tí ara ń sun lójúmọ́ kì í yẹ̀ láti ogún ọdún títí di nǹkan bí ọgọ́ta.

Òǹkàwé yóò béèrè iye tí àyẹ̀wò yìí jẹ́, ìbéèrè tí ó tọ́ sì ni, nítorí ẹ̀rọ oníbòmú wọ́n, kò sì sí lárọ̀ọ́wọ́tó mẹ̀kúnnù. Ṣùgbọ́n Elédùmarè, ọba atẹ́rẹrẹ-kárí-ayé, kò fi ìmọ̀ yìí lé olówó nìkan lọ́wọ́. Ní 1968, Kenneth Cooper, dókítà àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí ènìyàn bá fi ìṣẹ́jú 12 sáré débi tí agbára rẹ̀ mọ, kí a wọn ibi tí ó dé ní mítà, kí a yọ 504.9 nínú rẹ̀, kí a fi 44.73 pín ìyókù, ohun tí ẹ̀rọ ìbá sọ kò ní jìnnà sí i. Ẹni tí ó bá yí pápá oní-mítà 400 ká lẹ́ẹ̀mẹrin yóò rí nǹkan bí 24.5, ẹni tí ó bá yí i ká lẹ́ẹ̀márùn-ún yóò rí 33.4. Aago ọwọ́ àti pápá ilé-ìwé ti tó. Kìkì pé ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tí àyà ń dùn, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ dókítà kọjá. Ní ti eré ojoojúmọ́, ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin mọ́ ti wà ní ibi tí ó yẹ kí ó wà.

Bí owó inú ara bá sì tán, ti àpò ni yóò tẹ̀lé e. Ní Nàìjíríà, ohun tí ó ju ìdajì owó ìtọ́jú aláìsàn lọ ni àwọn ènìyàn ń san láti inú àpò ara wọn. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá dá baálé ilé kan dùbúlẹ̀, owó tí ó fi ọdún márùndínlógójì kó jọ yóò gba ilé ìwòsàn lọ, ilẹ̀ tí ó fẹ́ fi kọ́lé yóò di títà, ọmọbìnrin rẹ̀ yóò sì ti ìsọ̀ rẹ̀ pa kí ó lè máa gbé bàbá dìde. Owó tí ìsọ̀ náà ìbá mú wá kì í sì í hàn nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó dùn mí jù ni ti ìyá tí ń ta iṣu ní ọjà Bódìjà àti ti bíríkìlà tí ń gun àkàbà, tí kò sí agbanisíṣẹ́ tí ń fi ìdá 10 lé ohunkóhun fún wọn. Ara wọn ni iṣẹ́ wọn, òun náà ni ìfẹ̀yìntì wọn.

Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wọ inú ètò náà. Mo bẹ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n jẹ́ kí ìdíwọ̀n agbára yìí wà nínú ohun tí ètò náà ń san fún lọ́dọọdún, láti ogójì ọdún lọ, kí á kọ ọ́ sínú ìwé aláìsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kí àwa tí a ṣì lókun má jẹ tiwa tán láìmọ iye tí ó kù. Agbanisíṣẹ́ tí ó sì ń san ìdá 10 lóṣooṣù láìyẹ̀, kí ó rí i pé ẹni tí òun ń san án fún yóò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn lọ gbà á.