Ẹ Má Yọ Ọ̀sà Kúrò Nínú Ìṣirò Omíyalé

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́! Ẹ̀yin tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò omíyalé odò Ouémé ni àwa olùkọ́ ń bá wí.

Nínú HEC-RAS, ẹ gbọ́dọ̀ sọ bí omi ṣe ń wọlé lókè àti bí ó ṣe ń jáde nísàlẹ̀. Ẹni tó bá kàn yan "Normal Depth" nísàlẹ̀ torí pé ó rọrùn, ó ń sọ pé omi ń bá ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ lọ láìsí ìdènà. Irọ́ ni! Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti adágún Nokoué bá ti kún, Ouémé ò ríbi gbà mọ́. Á dúró, á tàn wọ oko àti ilé.

Gíga omi ọ̀sà gan-an ni kí ẹ fi síbẹ̀: "Stage Hydrograph". Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwòrán yín á ní ilẹ̀ gbẹ, wọ́n á kọ́ ilé ẹ̀kọ́ síbẹ̀, àwọn ọmọ wa ni yóò wọ́dò lọ kàwé.

Ṣé a ti gbàgbé 2010 ni? Ẹ bi àwọn apẹja. Wọ́n mọ ibi tí omi dé lára ògiri.