Agbára Apá Kọ́ Ló Ń Gbé Alùpùpù Ńlá Dúró

Níbi òkú àgbà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọkùnrin kan ti na eegun ẹran sí mi, tó ní: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gun páwà báíkì, kí lẹ̀ ń kọ́ gan-an? Ẹni tó bá ti lè gun ọkadà, tápá rẹ̀ sì le, ó parí." Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni ò rẹ́rìn-ín.

Irọ́ ni. Mi ò ní í fi ìdájọ́ mi pamọ́ dìgbẹ̀yìn: alùpùpù ńlá kì í ṣe iṣẹ́ apá, kíkọ́ ni. Ẹni tí ò bá kọ́ ọ, kó má gùn ún.

Ọkadà tó ń gbé èrò kiri àdúgbò kò tó 130 kílò. Bó bá fẹ́ wó, ẹ fẹsẹ̀ tì í, ó dúró. Gold Wing tí Honda ń ṣe lé ní 350 kílò, kí èrò ẹ̀yìn tó gùn ún, kẹ́ ẹ tó di ẹrù sí i. Kí ọ̀gbẹ́ni alápá líle bọ́ síta kó wá fẹsẹ̀ tìyẹn, orúnkún rẹ̀ á ròyìn fún un. Bó bá sì jẹ́ pé apá ló ń ṣe é, kí ló dé tí Honda fi jíà ìfàsẹ́yìn sí i láti 1988? Àbí àwọn ará Japan ò lápá ni?

A mọ irú àwọn alápá líle yìí. Lójú títì Èkó sí Ìbàdàn, wọ́n á fa iná, gbogbo ọkọ̀ á yà fún wọn. Ìyẹn ò le. Bí eré bá ti wọ alùpùpù lára, eré náà ló ń gbé e ró. Ẹ lọ dúró dè wọ́n nílé epo. Wọ́n á fẹ́ yí padà ní kọ̀rọ̀ kékeré, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ bíi pẹ́pẹ́yẹ tó fẹ́ wọ odò, wọ́n á yí ọwọ́ alùpùpù tán, wọ́n á wá fún bíréèkì iwájú pinpin. Gbì! Ọmọ tó ń ta epo ló máa bá wọn gbé e. Wọ́n á ní òkúta ló wà nílẹ̀. Òkúta, lórí sìmẹ́ǹtì! Ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ, láìsẹ́ǹsì ni wọ́n á yọ, èyí tí wọ́n gbà láì gun nǹkan kan lójú ẹnikẹ́ni.

Irú wọn náà ló fi mí ṣẹ̀sín lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, nígbà tí mo ń to agolo mílíìkì sí pápá iléèwé kan ní gbogbo àárọ̀ Sọ́ńdè, tí mò ń gun alùpùpù yí wọn po. Wọ́n ní orí mi ti dàrú. Ọ̀kan nínú wọn yá akoto mi lọ́jọ́ kan. Títí dòní, kò tíì dá a padà.

Àmọ́ agolo wọ̀nyẹn kọ́ mi. Ẹ di kílọ́ọ̀ṣì mú níbi tó ti ń mú tí ò tíì mú tán. Kí iná dúró sójú kan. Bíréèkì ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ fi tù ú lójú. Bíréèkì iwájú lọ̀gá lójú títì, ọ̀tá ni ní kọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ sì wo ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, ẹ má wolẹ̀: ẹni tó bá wolẹ̀ á bálẹ̀.

Mo ṣubú níbẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Bí alùpùpù bá ṣubú, ẹ kẹ̀yìn sí i, ẹ fìdí ti àga rẹ̀, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kẹ́ ẹ fi itan gbé e. Itan o! Kì í ṣe apá.

Arábìnrin kan wà láàárín wa tápá rẹ̀ ò ju ọ̀pá ìlù lọ. Ó gun alùpùpù yí agolo mi po láì fẹsẹ̀ kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí eléegun ẹran wá ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn agolo náà ṣì wà nílé, Sọ́ńdè ò sì jìnnà. Bó bá mọ ẹni tí akoto mi wà lọ́wọ́ ẹ̀, kó bá mi mú un dání.