Èrò Mi Lórí Wíwọ Aṣọ Àwọn Ìyá Wa Àgbà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí a ṣí àpótí ìyá tó bí bàbá mi lẹ́yìn ìsìnkú wọn. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ti rà kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní ọdún 1960 ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ fà ya láti fi nulẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sì gbà á. Èmi ni mo ń ró o títí di òní.

Àwọn kan lòdì sí irú èyí. Wọ́n ní aṣọ òkú kò yẹ alààyè, àti pé ẹni tí kò lówó ra tuntun ni í wọ aṣọ àtijọ́. N kò gbà pẹ̀lú wọn.

Ní ọ̀nà kìíní, ogún ni aṣọ jẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Bí ìyá bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin a máa pín aṣọ rẹ̀. Ta ni í pín ogún tán tí í sọ ọ́ nù?

Ní ọ̀nà kejì, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ìyẹ́ adìẹ ni àwọn aládìrẹ fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Nítorí náà, ìlà méjì kì í bára dọ́gba délẹ̀ bí ti aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀. Ìbàdàndùn ni orúkọ aṣọ ìyá wa yìí. Òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá ró o, ìtàn ìlú ni ó ró mọ́dìí.

Lóòótọ́, aṣọ tó ti pẹ́ nínú àpótí lè ya níbi tí a ti ká a. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á lọ́jà gbọ́dọ̀ tú u wò lójú ìmọ́lẹ̀ kí ó tó sanwó. Bí ó bá fọ̀ ọ́, kí ó sá a sábẹ́ òjìji, nítorí oòrùn a máa mú kí aró ṣá. Kí ó má sì gé aṣọ ogún rán gáùn láìgba àṣẹ ẹbí.

Ní ìparí, èrò mi ni pé kí a má jẹ́ kí aṣọ àwọn ìyá wa jẹrà sínú àpótí. Kí a béèrè ìtàn rẹ̀ lọ́wọ́ àgbà tó kù, kí a sì ró o lọ sóde. Ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ fi nulẹ̀ níjọ́sí ti ń yá a lọ́wọ́ mi báyìí.