Ẹ Jẹ́ Kí Ọwọ́ Wa Náà Kọ́ Sáyẹ́ǹsì

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí wa ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ta ló fi ojú lásán kọ́ odò wíwẹ̀ nínú ọ̀sà? Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé ìwé pa ní 2020, olùkọ́ mi ń ṣe àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwa ń wò ó bí ẹni ń wo fíìmù. Ìyẹn kọ́ ni sáyẹ́ǹsì!

Ẹ má sọ pé kò sí irinṣẹ́. Ẹyin tútù rì sínú omi lásán. Ẹ po iyọ̀ púpọ̀ sí i, ẹyin á léfòó. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí kán-ún, á hó yaya. Ilé ìdáná ni gbogbo rẹ̀ wà.

Olùkọ́, ẹ sọ ohun tí a nílò fún wa ní ọjọ́ kan ṣáájú. Òbí, ẹ dúró tì wá, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á ṣe. Bí dátà tilẹ̀ tán, ohun tí ọwọ́ wa ti ṣe kò ní tán nínú wa.