Háídrójìn, Gáàsì àti Iná: Ọ̀rọ̀ Wo Ni A Óò Fi La Ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ Lọ́yẹ̀?

Ní ọdún 2023, àwọn olórí orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ìlànà kan lórí bí a óò ṣe máa pèsè háídrójìn, tí a óò sì máa lò ó, ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2021, ìjọba Jámánì ti ṣí ọ́fíìsì kan sí Àbújá nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ìpínlẹ̀ Èkó pẹ̀lú ṣe òfin iná mọ̀nàmọ́ná tirẹ̀ ní 2024, lẹ́yìn tí òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ ní àyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Èdè àwọn ará Yúróòpù ni a fi kọ gbogbo wọn. Bí ìlànà wọ̀nyí yóò bá kúrò lórí ìwé, ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yóò dúró ní gáréèjì Òṣòdì, tàbí ní ọjà Aswani ní ojú ọ̀nà Ìsọlọ̀, láti ṣàlàyé háídrójìn fún àwọn tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé iṣẹ́ wọn ró lójoojúmọ́. Àwa tí a ń ṣe èdè-ìperí ni wọn yóò wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ tí ó bá dùn jù ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ jẹ́ kí a mú orúkọ èròjà náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí Lavoisier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń tún orúkọ àwọn èròjà ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní 1787, inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti fa orúkọ yìí yọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ohun tí ó ń bí omi". Àwọn ará Jámánì pẹ̀lú fi èdè tiwọn ṣẹ̀dá orúkọ tí omi wà nínú rẹ̀. Àwọn kan láàrin wa lè fẹ́ kí a tẹ̀ lé wọn, kí a pè é ní "ìyá-omi" tàbí "abómi". N kò fara mọ́ ọn. Yemọja ni yóò kọ́kọ́ sọ sí ọkàn ẹni tí ó bá gbọ́ "ìyá-omi", ṣùgbọ́n ìyẹn kéré. Èyí tí ó burú níbẹ̀ ni pé omi ni a fi ń pa iná, bẹ́ẹ̀ ẹ̀tapàrà iná tí kò tó nǹkan lè ran háídrójìn. Orúkọ tí ó bá mú un dà bí omi ń tan olùgbọ́ jẹ. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ gba bẹntiróòlù lè pe háídrójìn.

Bẹ́ẹ̀ ni n kò fẹ́ kí a pè é ní gáàsì láìṣàlàyé. Nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, gáàsì ni lóòótọ́; ní Máfolúkù, gáàsì ni ohun tí ó wà nínú sílíńdà ìdáná. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá jò, ilẹ̀ ni ó ń rọ́ sí, a sì ti fi òórùn sí i kí a lè tètè mọ̀. Afẹ́fẹ́ wúwo ju háídrójìn lọ ní ìlọ́po mẹ́rìnlá. Òkè àjà ni háídrójìn ń gbà lọ, kò ní òórùn, iná rẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn sí ojú ní ọ̀sán gangan. Ìyá tí ó mọ ìṣọ́ra gáàsì ìdáná dunjú kò tíì mọ ti háídrójìn. Àwọn ará ìhà yìí kò sì gbàgbé oṣù May 2008 ní Ìjẹ̀gùn, nígbà tí katakata tí ń ṣe ọ̀nà gún ọ̀pá epo, tí iná sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ibi tí èdè wa fúnra rẹ̀ ti dẹ pàkúté dè wá ni "iná". Iná ni ó ń jó igi; iná náà ni ó ń tan gílóòbù. Bí a bá wá ṣàpèjúwe ẹ̀rọ tí William Grove kọ́kọ́ ṣe ní ilẹ̀ Bìrìtìkó ní 1839, tí a ní ó ń "sọ háídrójìn di iná", ìbúgbàmù ni olùgbọ́ yóò rò. Bẹ́ẹ̀ ohunkóhun kì í jó nínú rẹ̀: háídrójìn gba ìhà kan wọlé, ọ́síjìn gba ìhà kejì, iná mọ̀nàmọ́ná, ooru àti omi sì ń jáde. Kì í ṣe bátìrì, nítorí pé kì í tán níwọ̀n ìgbà tí a bá ń fi háídrójìn bọ́ ọ. Kì í sì í ṣe jẹnẹrétọ̀ tí a mọ̀, nítorí pé kò ní ẹ́ńjìnnì. Mo dábàá "ẹ̀rọ asọ-háídrójìn-di-mọ̀nàmọ́ná". Ó gùn, mo gbà. Ẹnu ọjà yóò gé e kúrú bí ó bá yá.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni "epo". Ó rọrùn púpọ̀ láti kígbe pé "epo tuntun" dé. Ṣùgbọ́n epo rọ̀bì ti ní agbára nínú kí a tó wà á jáde, nígbà tí ó jẹ́ pé iná mọ̀nàmọ́ná ni a óò fi yọ háídrójìn tí à ń wí yìí láti inú omi. Kílò kan ń gba nǹkan bí lítà omi 9 àti yúníìtì iná tí ó lé ní 50, yúníìtì kan náà tí à ń rà sí mítà. Nígbà tí ẹ̀rọ náà bá sọ kílò yìí padà di mọ̀nàmọ́ná, ohun tí a óò rí gbà kì í sábà tó 20. Kẹ́ẹ̀gì tí ń jò ni háídrójìn. Kẹ́ẹ̀gì tí ń jò náà ní ìwúlò tirẹ̀: bí agbára oòrùn bá pọ̀ ju èyí tí à ń lò lọ́sàn-án, a lè fi pamọ́ di alẹ́. Ṣùgbọ́n télọ̀ tí kò ríná lò ní Ìsọlọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ibi tí yúníìtì 50 náà yóò ti wá kí ó tó pàtẹ́wọ́. Bí a bá ti pè é ní epo, a ti gba ìbéèrè yẹn lẹ́nu rẹ̀. Ìlanilọ́yẹ̀ kọ́ nìyẹn, ìpolówó ni. "Ohun ìpamọ́ agbára" ni kí a pè é.

Ti "aláwọ̀ ewé" kò gba wàhálà púpọ̀. Háídrójìn kò ní àwọ̀. Ọ̀nà tí a gbà ṣe é ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń fi àwọ̀ pè. Iléeṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lékkì, tí a ṣí ní March 2022, ń yọ háídrójìn láti inú gáàsì ilẹ̀ láti fi ṣe ajílẹ̀ yúríà. Ẹ jẹ́ kí a pe ti irú ibẹ̀ ní "háídrójìn inú gáàsì", kí a sì pe èkejì ní "háídrójìn àfoòrùnyọ", kí olùgbọ́ lè mọ ìyàtọ̀.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 wà fún kíláàsì, níbi tí olùkọ́ wà láti ṣàlàyé. Kò sí olùkọ́ ní Aswani. Nítorí náà, kí a tó tẹ ìwé ìlanilọ́yẹ̀ kankan, mo rọ̀ wá kí a kó àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ọjà ń kún, kí a bi àwọn tí ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe léèrè ohun tí wọ́n gbọ́ nínú wọn. Púlọ́ọ̀gì àti kábúrétọ̀ ti di Yorùbá lẹ́nu wọn láìdúró de ìgbìmọ̀ kankan. Bí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju tiwa lọ, tiwọn ni kí a tẹ̀ sínú ìwé náà.